Bí ẹ ṣe lè lọ kọrin ọdún pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà tí àìsàn ìgbàgbé ń bá fínra

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yọ̀ǹda ara wa láti kọrin Kérésìmesì nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, orin 14 la kó dání. A ti fi oṣù 2 kọ́ wọn, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, aṣọ wa bára mu. Ìṣẹ́jú 50 gbáko la fi kọrin. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa dáadáa, àmọ́ màmá kan tí wọ́n jókòó níwájú ti dijú láti orí orin kejì, wọn ò sì là á mọ́ títí a fi ṣe tán. Ìgbà tí a ń ká wáyà ni ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ọ̀kan lára àwọn orin náà lábẹ́nu, bí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ilé ṣe máa ń ṣe. Màmá lajú. Ìka wọn méjì ń lu apá àga, tó, tó, tó. Nígbà tó yá, wọ́n gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, ohùn alto, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ ti àwọn obìnrin, ni wọ́n sì fi gbà á, kì í ṣe ohùn tí gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n kọ ẹsẹ kìíní, wọ́n kọ ìkejì, wọ́n wá bọ́ sí ẹsẹ kẹta tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò kọ́. A dúró pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́, à ń gbọ́.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé òdì la ti pín iṣẹ́ náà sí. Àwa kọ́ ni olórin níbẹ̀. Àwọn àgbà yẹn ni olórin, àwa ni elégbè wọn. Gbogbo ìtọ́sọ́nà tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ohun tí àìsàn náà ń mú lọ, àti ohun tí kì í tètè mú

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2021, mílíọ̀nù 57 ènìyàn ló ní àìsàn ìgbàgbé (dementia) káàkiri ayé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni àrùn Alzheimer, tí wọ́n fi orúkọ dókítà ará Jámánì tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1906 pè. Ohun àìpẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ run: oúnjẹ tí ènìyàn jẹ láàárọ̀, orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i. Ohun tó ti wọ̀ ọ́ lára láti kékeré máa ń pẹ́ kó tó lọ, orin sì wà lára ohun tó ń pẹ́ jù. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan fi ẹ̀rọ yàwòrán ọpọlọ, wọ́n sì rí i pé apá ibi tí orin tí a ti mọ̀ tipẹ́ ń gbé wà lára ibi tí àrùn Alzheimer kì í tètè bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò rántí orúkọ ọmọ ara rẹ̀ fi lè kọ orin láti orí dé ìdí.

Ẹ kọ́kọ́ bá ilé ìtọ́jú náà sọ̀rọ̀

Ẹ pè wọ́n ní Oṣù Kẹsàn-án tàbí Oṣù Kẹwàá. Ẹ ní ẹni tó ń ṣètò eré àti ìgbádùn fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró di Oṣù Kejìlá, ẹgbẹ́ akọrin mẹ́ta lè ti gba ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ bi wọ́n léèrè mélòó ló máa jókòó, ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀sìn wo ni wọ́n ń ṣe, èdè wo ni wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà. Ẹ má fo ìbéèrè èdè. Bí àìsàn náà ṣe ń jinlẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń padà sí èdè tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn, orin kan ṣoṣo ní èdè yẹn sì lè ṣe ohun tí orin mẹ́wàá mìíràn ò lè ṣe. Ti ẹ̀sìn náà ṣe pàtàkì: kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe Kérésìmesì, kò sì yẹ kí a gbé ẹni tí kò ṣe é wá jókòó síbẹ̀ torí pé kò lè kọ̀.

Àkókò ńkọ́? Àárọ̀ ló dáa jù, láàárín aago 10 sí 11:30, tàbí lẹ́yìn oorun ọ̀sán. Ẹ má gba ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ara ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í balẹ̀: wọ́n á máa rìn káàkiri, wọ́n á máa wá ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 sí 40 ti tó. Ènìyàn mẹ́rin sí mẹ́fà náà ti tó, nítorí bí akọrin 20 bá ya wọ yàrá kékeré, ẹ̀rù ni wọ́n máa dá sílẹ̀.

Àwọn ilé kan máa ń yẹ orúkọ yín wò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó gbà yín wọlé. Ẹ má bínú sí i. Ẹni tí kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i ni wọ́n ń dáàbò bò.

Ẹ yan orin tiwọn, kì í ṣe tiyín

Ẹ ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹni tó pé 85 ní 2025, ọdún 1940 ni wọ́n bí i. Láàárín 1950 sí 1965 ló wà ní ọmọ ọdún 10 sí 25, àwọn ọdún yẹn sì ni orin máa ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára jù. Orin ọdún tí wọ́n ń kọ nígbà náà, nílé ìjọsìn, nílé ẹ̀kọ́ àti lórí rédíò, ni kí ẹ wá. Orin tuntun tó ń dùn mọ́ ẹ̀yin nínú lè dúró sílé.

Orin mẹ́wàá péré ni kí ẹ kó dání, kí ẹ sì máa kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe akọrin bíi pé kò tó nǹkan. Ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń wá orin náà rí nínú ara wọn, ìgbà kejì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹsẹ kìíní àti ègbè ló sábà máa ń kù lọ́wọ́ wọn, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ máa padà sí. Síbẹ̀, ẹ kọ́ ẹsẹ tó kù náà sórí. Ẹ ti gbọ́ ohun tí màmá yẹn ṣe fún wa.

Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ṣe orin ọdún. Orin ìfẹ́ àtijọ́ kan tàbí méjì, tàbí orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, máa ń jí ẹni tí Kérésìmesì kò kàn. Orin tó bá sì ń sọ̀rọ̀ ẹni tó jìnnà sílé tàbí ẹni tí a ń retí, àárín ni kí ẹ fi sí, kí ẹ lè fi èyí tó tuni lára tẹ̀ lé e. Ẹ má fi í parí.

Ẹ sọ ohùn náà kalẹ̀, ẹ sì rọra

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ti ń ṣe àṣìṣe tí wọn ò mọ̀. Kíì, ìyẹn bí orin ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ tó, èyí tó wà nínú ìwé orin, ohùn ọ̀dọ́ tó ń kọrin lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, ohùn máa ń sọ̀ kalẹ̀, pàápàá ti obìnrin, èémí náà sì máa ń kúrú. Bí ẹ bá fi kíì G bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ lé yín dé àárín, wọ́n á dákẹ́ níbi tó ga. Ẹ ó wá rò pé wọ́n ti gbàgbé orin ni, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fun wọn ni kò dé ibẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, èyí tó bá wà ní kíì G, ẹ gbé e wá sí kíì E. Ẹ wo ohùn tó ga jù nínú orin náà lórí dùùrù. Kó má kọjá C tó tẹ̀ lé C àárín lókè. Bí ẹni tó ń kọ soprano, ohùn òkè, láàárín yín bá ní ó ti rẹlẹ̀ jù fún òun, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fara mọ́ ọn.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ kọ orin náà lọ́ra ju bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì dúró díẹ̀ ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ kùn ìlà àkọ́kọ́, tàbí kí ẹ fi gìtá ta á lẹ́ẹ̀kan. Àkókò yẹn ni ẹ ó rí i tí orí kan á gbé sókè. Ohùn kan ṣoṣo ni kí gbogbo yín kọ nígbà àkọ́kọ́, ohùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Tí ẹ bá tún un kọ ni kí alto, tenor àti baasi wá wọlé. Ohùn mẹ́rin tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà máa ń bo orin mọ́lẹ̀ fún ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́.

Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ orin sórí ìwé pẹlẹbẹ, orin kan sí ojú ìwé kan, kí ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó 20 ó kéré tán, dúdú lórí ìwé tí kò dán. Àwọn kan ṣì ń kàwé geere, inú wọn á sì dùn. Ẹni tó bá dorí ìwé tirẹ̀ kodò, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú orin dání bíi ti àwọn tó kù.

Lọ́jọ́ náà gan-an

Ẹ dé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ṣáájú. Ẹ ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n pa á pátá, kì í ṣe kí wọ́n kàn dín ohùn rẹ̀ kù. Kí wọ́n to àga yí yín ká bí ààbọ̀ òṣùpá. Ẹ má dúró síbi tí fèrèsé wà lẹ́yìn yín, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ti ẹ̀yìn wá máa sọ ojú yín di dúdú, ojú yín àti ètè yín sì ni wọ́n fi ń gbọ́ràn. Àga onítáyà tó bá nílò títì, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni kí ẹ pè. Ẹ má gbé ẹnikẹ́ni dìde, bó tilẹ̀ na ọwọ́ sí yín.

Bí ẹ̀rọ tí ẹnì kan fi sétí láti fi gbọ́ràn bá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ẹ ti sún mọ́ ọn jù tàbí ohùn yín ti pọ̀ jù. Agogo àti ṣẹ́ẹ́rẹ́ dára, wọ́n á máa mì ín tẹ̀ lé orin, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lù ú ní ìkọ̀kọ̀ kí ẹ gbọ́ bó ṣe le tó. Kò gbọdọ̀ ní ohun kékeré tó lè já wọ ẹnu. Ẹ má lo iná tó ń ṣẹ́jú. Ẹ má sì wọ ìbòjú tàbí irùngbọ̀n òwú. Ẹni tí kò rí ojú yín kò mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni yín.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní oúnjẹ. Oúnjẹ kì í lọ geere lọ́fun ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́. Súìtì kan lásán lè há. Ẹni tó bá ń húkọ́ tàbí tí inú ń run láàárín yín, kó jókòó sílé. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọwọ́ kí ẹ tó wọlé, nítorí àwọn kòkòrò kan tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti sànìtáísà. Fóònù yín, ẹ fi sí àpò. Ẹ má yàwòrán láìgba àṣẹ ilé náà àti àṣẹ ẹbí wọn.

Bí ẹ ó ṣe kí wọn

Ojú lọ̀rọ́ wà. Ẹ gba iwájú wá, ẹ má ti ẹ̀yìn yọ sí wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín àti tiwọn wà ní déédé. Ẹ sọ orúkọ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹwàá tí ẹ ń wá: “Ẹ káàárọ̀ mà. A wá kọrin pẹ̀lú yín lónìí.” Ẹ wá dúró. Ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá lọ́kàn yín kí ẹ tó tún sọ nǹkan mìíràn, nítorí èsì ń bọ̀ lọ́nà, kò kàn lè yára ni.

Ẹ má béèrè pé “Ṣé ẹ rántí mi?” Ìdánwò ni ìbéèrè yẹn, ẹni tẹ́ ẹ bi sì mọ̀ pé òun ti fìdí rẹmi.

Nígbà tí orin bá ń lọ

Ẹ má wo ìwé. Ẹ wo ìka, ẹ wo ètè, ẹ wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀. Níbẹ̀ ni orin ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Ẹni tó dijú lè máà sùn rárá. Bí ẹ bá rí ẹni tí ètè rẹ̀ ń mì, kí ẹnì kan nínú yín rìn súnmọ́ ọn, kó rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀, títí tí ohùn ẹni náà á fi hàn. Tó bá gba orin náà, ẹ fà á lé e lọ́wọ́, kí ẹ máa gbè é. Tó bá ń kọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ bá a kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Tó bá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó parí, ẹ bá a padà.

Ẹni tó bá dìde rìn lọ, ẹ jẹ́ kó rìn. Bí ẹnì kan bá ń pariwo tàbí tó di etí, ẹ rọra sọ ohùn kalẹ̀, ẹ wo òṣìṣẹ́ tó wà nítòsí, ẹ sì bọ́ sí orin tó rọlẹ̀.

Wọ́n á sunkún, ẹ múra sílẹ̀ fún un. Kì í ṣe gbogbo ẹkún ló túmọ̀ sí ìpalára. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ na ọwọ́ yín kí wọ́n mú un bí wọ́n bá fẹ́, ẹ má sì sáré dá orin tó ń dáni lára yá láti fi bò ó.

Àṣìṣe tèmi tó dùn mí jù ni ti bàbá kan tí wọ́n bi mí léèrè ìyàwó wọn. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ìyá náà ti kú tipẹ́, mo sì rò pé òótọ́ ló yẹ kí n sọ. Mo sọ ọ́. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún ni wọ́n ṣe gbọ́ ọ; omi ojú wọn rin kọ́là aṣọ wọn. Kò pé ìṣẹ́jú 10, wọ́n tún bi mí. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, mo ní, “Ẹ sọ̀rọ̀ wọn fún mi, bàbá. Ṣé wọ́n máa ń kọrin?” Wọ́n ní tó bá ń lọ aṣọ ló máa ń kọrin, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbè é. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún ẹni tó bá ní òun fẹ́ lọ sílé: ẹ má sọ fún un pé ibí yìí ni ilé rẹ̀, ẹ ní kó sọ bí ilé náà ṣe rí fún yín.

Àwọn tí kò lè dìde lórí ibùsùn

Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bóyá ẹ lè wọlé sí wọn. Ènìyàn méjì péré, láìsí gìtá, orin kan ṣoṣo. Ẹ wo bí àyà wọn ṣe ń gbé sókè tó ń sọ̀, kí ẹ fi ìyẹn ṣe ìlù yín. Bí iwájú orí wọn bá kákò tàbí tí wọ́n yí ojú kúrò, ó ti tó, ẹ rọra jáde. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń fò.

Bí ẹ bá ń lọ

Orin tó rọlẹ̀ ni kí ẹ fi parí. Ẹ má kígbe pé ẹ fẹ́ máa lọ sílé, torí ọ̀rọ̀ ilé yẹn lè jí ìrònú tí kò ní tán títí di alẹ́. Ẹ dágbére lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń fi nọ́ńbà ṣí, ẹ wo ẹ̀yìn yín kí ilẹ̀kùn tó padé, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ lé yín jáde.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún àwọn olùtọ́jú: ta ló gba orin wo, ta ni ìka rẹ̀ ń mì. Wọ́n lè fi orin yẹn wẹ̀ fún ẹni náà lọ́la láìsí ìjà.

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ṣebí wọn ò ní rántí pé ẹ wá, ẹ sọ fún un pé ní 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, fi fíìmù tó ń bani nínú jẹ́ àti èyí tó ń múnú ẹni dùn han àwọn tó ní àrùn Alzheimer. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rántí ohun tí wọ́n wò mọ́, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ tàbí ayọ̀ náà ṣì wà lára wọn.

Ẹ mú ọjọ́ kan ní Oṣù Kìíní kí ẹ tó jáde. Gbogbo ènìyàn ló ń wá ní Oṣù Kejìlá. Tí ọdún bá ti kọjá, ibẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Àwa náà padà lọ ní Oṣù Kìíní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, a ti kọ́ ẹsẹ kẹta orin màmá, a sì ti gbé e wá sí kíì E. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n bá wa kọ ọ́ tán. Wọ́n wá bi wá pé ta ló kọ́ wa ní orin yìí. Mo ní ẹ̀yin ni mà. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí a tún un kọ, pé a sáré jù.